Lọ, Kí O Bọ̀

Bethesda, Wales
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ọdún 1979

Sí Ọ̀gbẹ́ni Idwal Prosser,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta náà ti di ọdún mẹ́tàlélógójì. Mo kọ́kọ́ kọ "Bàbá mi ọ̀wọ́n" sókè ìwé, mo wò ó títí, mo fà á ya, mo mú ìwé mìíràn. Ẹ fi bẹ́ẹ̀ gbà á.

Gwenllian ni mí, àkọ́bí yín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin kúrò níbí, tí ẹ ní oṣù mẹ́fà péré lẹ máa lò ní Íńdíà. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Màmá kú ní ọdún 1961. Wọ́n kọ̀wé sí yín nígbà náà, ẹ sì fi òdòdó gbígbẹ kan ránṣẹ́ nínú àpòòwé. A ò mọ ohun tí a máa fi ṣe. A fi há inú Bíbélì rẹ̀.

N kò kọ̀wé nítorí ìyẹn. Ọmọ mi ni mò ń béèrè. Heledd, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bí, fi yunifásítì sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, ó ní òun ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, nílé àṣàrò yín ní Kallimalai. Ìwé yín ló kà. Ó rí i ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Liverpool, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ "Wá" gàdàgbà sí lára. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé bàbá ìyá òun ló kọ ọ́ títí tó fi rí orúkọ ìlú wa nínú rẹ̀, tó wá bi mí. Nílé wa, a kì í pe orúkọ yín.

Láti ìgbà náà mo ti kọ lẹ́tà méje sí i. Kò fèsì ẹyọ kan. Heledd kì í ṣe ọmọ tó ń dákẹ́. Tó bá lọ ra búrẹ́dì, ìròyìn àwọn tó pàdé lọ́nà á pẹ́ nílẹ̀ ju búrẹ́dì náà lọ. Nítorí náà mo mọ̀ pé ẹnì kan ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ dá a padà fún mi kí Kérésì tó dé. Ẹ má bi mí ní ìdí. Ẹni tí ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í bi ìyá ọmọ pé kí lo fẹ́ fi ṣe.

Ẹ ti gba bàbá lọ́wọ́ mi. Ẹ gba Emlyn, àbúrò mi, lọ́wọ́ Màmá, nítorí pé ọmọ tó ń kú lọ, tó ń pe bàbá rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ mọ̀ tí kò wá, n kò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹyọ kan yìí sílẹ̀ fún mi.

Gwenllian


Kallimalai
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹwàá, ọdún 1979

Gwenllian, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà fún ọ àti fún gbogbo ilé. Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, síbẹ̀ kí n tó ṣí i ni mo ti mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Ọwọ́ ìyá rẹ ni. Mo dì í mú fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè kà á.

Má ṣe àníyàn. Ara Heledd le. Ó ń pọn omi láràárọ̀, ó ń bá Ponnammal, alásè wa, gé ẹ̀fọ́, oòrùn sì ti mú ara rẹ̀ dúdú díẹ̀. Kì í ṣe pé ó kọ̀ láti fèsì. Òfin kan wà nílé yìí: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà ilé fún ọdún kan. Àpótí onígi kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, inú rẹ̀ là ń ju gbogbo lẹ́tà sí. Nígbà tí ọdún bá pé, onítọ̀hún á ṣí i, á sì rí i pé ayé kò dúró de òun, òun náà kò sì kú nítorí ayé. Lẹ́tà rẹ méjèèje wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ṣe òfin náà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójú nítorí ẹ̀jẹ̀ ara mi, ojú wo ni màá fi wo ọmọ ẹlòmíràn?

Jẹ́ kó parí ọdún rẹ̀. Oṣù Karùn-ún kò jìnnà. Ìfẹ́ tó bá di ènìyàn mú pinpin, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ní ti Emlyn, mo ti dáhùn nínú orí kẹta ìwé mi. Mo gbé wáyà ìyá rẹ lọ síwájú Periyavar, àgbà tí mo tìtorí rẹ̀ sọdá òkun. Mo ní ọmọ mi ń ṣàìsàn, kí ni kí n ṣe? Ọ̀rọ̀ kan ló fi dá mi lóhùn: "Wá." Ó ní kí n sún mọ́ òtítọ́, kí n fi ìyókù sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe. Mo jìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Bí ìdí pàtàkì bá wà tó fi jẹ́ pé kí Kérésì tó dé ni, kọ ọ́ sí mi.

Bàbá rẹ,
Idwal


Bethesda
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá, ọdún 1979

Bàbá,

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kà á sókè fún ológbò, kó má baà jẹ́ pé èmi nìkan ni mo gbọ́ irú rẹ̀. Ẹ ní oòrùn ti mú ara ọmọ mi dúdú. Ẹ ṣeun fún ìròyìn.

Ìdí tí ẹ béèrè nìyí. Àrùn jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀ mi. Mo ní kí dókítà ní Bangor sọ ojú abẹ níkòó, ó sì sọ ọ́. Ó ní bí mo bá rí òpin oṣù Kejì, kí n dúpẹ́. Mo kọ ọ́ sí Heledd nínú lẹ́tà kẹfà, mo fi pamọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò àti ọ̀rọ̀ tíì tí a sè ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó má baà já a láyà jù. Inú àpótí yín ló wà.

Ìyáàfin Pugh, ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi, ní kí ló dé tí n kò tẹ wáyà. Mo ní a ti tẹ wáyà sí ibẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sí nínú orí kẹta fún yín. Ikọ́ ife kì í yára pa ọmọdé. Oṣù márùn-ún ni Emlyn lò lẹ́yìn wáyà náà. Màmá gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sójú fèrèsé kó lè máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Bangor bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ló ń dé. Bí fèrè bá ti dún, á ní, "Gwen, lọ wò ó." Màá sáré dé ẹnu géètì, màá dúró díẹ̀, màá padà wọlé. N kì í sọ pé ẹ kò sí níbẹ̀. Mo máa ń ní, "Ó ku èyí tó ń bọ̀." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo ti ń parọ́ fún ẹni tó ń kú lọ, nítorí yín. Lọ́jọ́ tó kú, ọkọ̀ kẹrin kò tíì dé.

Èmi náà ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi sójú fèrèsé yẹn báyìí. Wọ́n ti hú ojú irin náà dànù tipẹ́. Bọ́ọ̀sì ni mò ń tẹ́tí sí.

Ẹ ní àgbà yín sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Mo fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ náà. N kò fẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, ní èdè tirẹ̀, ni kí ẹ kọ sí mi. Títí Màmá fi kú, kò gbà pé àgbàlagbà lè rí wáyà ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ bàbá ọmọ, kó ní kó jókòó. Ó máa ń ní, "Ohun yòówù kó jẹ́, ìyá kan ló bí i."

Ẹ dá ọmọ mi padà.

Gwenllian


Kallimalai
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, ọdún 1979

Gwenllian, ọmọ mi,

N kò mọ bí mo ṣe máa kí ọ. Pẹ̀lẹ́ kéré ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Àforítì kò sì yẹ lẹ́nu mi.

Kí n tó ka lẹ́tà rẹ tán ni mo ti dìde. Mo bá Heledd nídìí kànga. Mo ní, "Heledd, ara ìyá rẹ kò yá, ó sì le. Kó ẹrù rẹ, máa lọ sílé."

Ó wò mí, omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín. Ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àgbà níbí pè mí, ó ní, "Ayya, mo ti ń retí ọjọ́ yìí. Hofstra ti sọ fún mi pé ẹ máa dán mi wò."

"Kì í ṣe ìdánwò. Jẹjẹrẹ ni. Ìyá rẹ ló kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí ní orí kẹta. 'Ìdánwò tòótọ́ kì í jọ ìdánwò.' Mo ti kọ́ ọ sórí. Ẹ̀yin náà gba wáyà, Ayya, ẹ ò sì mì."

Ó forí kan ilẹ̀ níwájú mi, ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ. Mo dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ara mi ló fi gbá mi lẹ́nu.

Mo lọ bá Hofstra, ará Họ́láńdì tó ń bójú tó ilé yìí, pé kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àpótí. Ó dìde fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí ẹ bá tilẹ̀ bẹ̀ wá, kí a má fún yín." Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1958. Mo rò pé ọgbọ́n ni nígbà náà.

Mo wá rántí ohun tí o béèrè. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Periyavar lọ́jọ́ wáyà yẹn, Ponnammal nìkan ló kù láyé. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà, òun ló gbé omi wàrà kíkan wá fún wa. Mo bá a ní ilé ìdáná.

Mo ní, "Ponnammal, lọ́jọ́ tí wáyà dé, kí ni Periyavar sọ fún mi?"

Kò gbójú kúrò lára àgbọn tó ń rin. "Ọjọ́ tí ẹ kọ̀, tí ẹ ò lọ?"

"Ta ló kọ̀? Ó ní kí n wá. *Va* ló sọ."

Ó wá gbójú sókè. "*Va* kẹ̀? *Poyittu va* ló sọ."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, àfi bíi pé mo ń bá a ṣàwàdà. "Ayya, ẹ mà kì í ṣe àlejò mọ́! Ta ló ń wí fún èèyàn pé 'máa lọ', tó wá pa ẹnu dé síbẹ̀? Òkú là ń wí bẹ́ẹ̀ fún. Ajá là ń wí bẹ́ẹ̀ fún. Èèyàn gidi, 'lọ, kí o bọ̀' là ń wí fún un. Bí mo bá ń lọ ra iyọ̀, ohun tí ìyá mi ń wí nìyẹn. Periyavar ní kí ẹ lọ wo ọmọ yín, kí ẹ wá padà wá."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ta ló bi mí? Àwo wà lọ́wọ́ mi, mo ń ṣọ́ra kó má dànù. Periyavar fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pe Muthu kó gbé kẹ̀kẹ́ màlúù rẹ̀ wá. Muthu dúró dè yín níwájú ilé títí oòrùn fi yí. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi, ẹ dijú."

Mo rántí kẹ̀kẹ́ náà, Gwenllian. Mo rò pé igi ìdáná ló kó wá.

"Periyavar ò sọ nǹkan kan lẹ́yìn náà?"

"Ó ní, 'Kò tíì lọ?' A ní kò tíì lọ. Kò jẹun lọ́jọ́ náà." Ponnammal padà sídìí àgbọn rẹ̀. "Àwa rò pé bí ọkàn òyìnbó ṣe máa ń le nìyẹn."

Ìyá rẹ tọ̀nà. Ẹnu àgbà náà kò léhín mọ́, ohùn rẹ̀ kò ròkè, oṣù mẹ́rin péré ni mo sì tíì lò níbí. Ìrù ọ̀rọ̀ náà nìkan ni mo gbá mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọkọ̀ òkun máa ń lò nígbà náà. Ǹ bá ti bá Emlyn láàyè, àwa méjèèjì ì bá ṣì ní oṣù mẹ́rin.

Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa ṣe nípa Heledd. Gbogbo ilẹ̀kùn tí mo bá fẹ́ ṣí, mo bá a ní títì, ọwọ́ mi ló sì tì í.

Idwal


Bethesda
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá, ọdún 1979

Bàbá,

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹ má bínú sí ìkọ̀wé. N kò lè jẹ nǹkan líle mọ́. Ìyáàfin Pugh ń fi ṣíbí fún mi ní omi ọbẹ̀ bí ẹyẹ.

Ìtàn kẹ̀kẹ́ màlúù yẹn pa mí lẹ́kún. Lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, mo ronú. Olùkọ́ lẹ jẹ́ kí ẹ tó lọ, èdè Látìn àti Gíríìkì lẹ ń kọ́ ọmọ àwọn tó ń fọ́ òkúta. Ẹ ti wá lo ọdún mẹ́tàlélógójì láàárín àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu gbogbo ọ̀nà, láràárọ̀. Ẹ̀yin sì wá ń bi alásè pé kí ni ìyàtọ̀.

Ìgbà wo lẹ mọ̀?

Ẹ má dáhùn fún mi. Mi ò ní àyè rẹ̀ mọ́. Heledd ni kí ẹ dá lóhùn.

Kérésì ku ọjọ́ mẹ́tàlá.

G.


Kallimalai
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, ọdún 1979

Gwenllian,

Mo mọ̀ ní ọdún 1940.

Ibùdókọ̀ ojú irin ni mo wà. Ìyá kan ń sin ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sógun. Ó di irin fèrèsé ọkọ̀ mú, ó ń sáré tẹ̀lé e bó ṣe ń lọ, ó ń wí léraléra pé *poyittu va, poyittu va*. Mo gbọ́ ohùn Periyavar nínú ohùn obìnrin náà, tòun ti orí ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ lọ́jọ́ kìíní. Mo jókòó sórí àpò ìrẹsì ẹlẹ́rù kan títí ara mi fi balẹ̀. Mo wá dìde, mo sọ fún ara mi pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Emlyn ti lo ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀. Bí mo bá gbà pé mo gbọ́, a jẹ́ pé lásán ni mo fi í sílẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó kọ orí kẹta. Àìgbọ́ dáadáa ni ti ọjọ́ wáyà. Èyí kì í ṣe àìgbọ́. Mo mọ̀, mo sì kọ ọ́. Àwọn ọmọ tó ti fi ìyá àti bàbá sílẹ̀ nítorí ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn, n kò lè ka iye wọn. Àti nígbà tí mo bi Ponnammal léèrè lóṣù tó kọjá, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ọkàn mi ni pé kó ti gbàgbé.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ tó tẹ̀lé Kérésì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ilé péjọ sí gbọ̀ngàn bí ìṣe wọn, bí ọgọ́ta ènìyàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: wáyà, kẹ̀kẹ́ màlúù, ibùdókọ̀, ìwé. Mo pe Emlyn lórúkọ. N kò pè é lórúkọ níwájú ẹnikẹ́ni rí láti ọdún 1937. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìyá nílé dìde, kó máa lọ.

Hofstra rọra gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ó ti rẹ Ayya. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ pọ̀." Gbogbo wọn dijú. Èmi ni mo fi ogójì ọdún kọ́ wọn ní dídijú. Mo dúró níwájú wọn, mò ń sunkún, wọ́n dijú sí mi, ojú wọn tutù pẹ̀sẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dijú. Ó dìde, ó jáde. Mo fi ọ̀pá mi tẹ̀lé e.

Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà, Ponnammal ti wà nídìí àpótí, ó gbé ọmọ ọlọ lọ́wọ́. Ó ní, "Ayya, ẹ yà sẹ́yìn." Ó là á mọ́ àgádágodo lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kó lẹ́tà méje jáde, ó nà wọ́n sí Heledd. Kò gbà á.

Ó bi mí pé, "Ṣé nísinsìnyí lẹ ń parọ́ ni, àbí nígbà yẹn?"

"Nígbà yẹn."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ẹ ti kọ́ mi pé kí n má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní kí n lọ sílé. Ẹ̀yin náà wà nínú ẹnikẹ́ni."

Gwenllian, ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi láti àárọ̀ ọjọ́, n kò sì rí ẹyọ kan mú.

Ponnammal ló bá a wí, bí ẹni ń bá ọmọ tó ń jẹun pẹ̀lú ọwọ́ ìdọ̀tí wí. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Kí ni mo máa ń sọ fún ọ tí o bá gbé ìkòkò lọ sí kànga láràárọ̀?"

"*Poyittu va*."

"Tí mo bá ti sọ ọ́, ṣé o máa ń jókòó?"

Heledd na ọwọ́. Ó gba lẹ́tà náà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín sí ìkejì. N kò mọ ohun tí o kọ síbẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹfà, ó kígbe kan. Mo ti gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí nínú àlá mi, mo máa ń jí kó tó parí. Ti ọjọ́ yìí, mo gbọ́ ọ tán.

Lánàá ni kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí ibùdókọ̀. Wọ́n ní kò sí àyè nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Madras àfi ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kínní. Mo tẹ wáyà sí ọ lánàá náà. N kò mọ̀ bóyá ó dé. N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ. Síbẹ̀ mò ń tọrọ. Má tíì lọ. Ọmọ rẹ ń bọ̀. Ó wà lọ́nà. Má tíì lọ.

Idwal


Bethesda
Ogúnjọ́ oṣù Kínní, ọdún 1980

Bàbá Àgbà,

N kò ní pè yín ní Ayya mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ń ṣọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà, nítorí náà màá kọ́kọ́ sọ ọ́: mo bá Màmá láàyè.

Ọjọ́ kọkànlá ni mo dé, òjò ń rọ̀ bí ẹni fi garawa dà á. Ìyáàfin Pugh ní láti ìgbà tí wáyà yín ti dé, gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá dúró ni Màmá máa ń ní kí òun lọ wò. Nígbà tí mo wọlé, ó tín-ín-rín lórí bẹ́ẹ̀dì débi pé mo kọ́kọ́ rò pé aṣọ ni wọ́n tò síbẹ̀. Ó ní, "Bọ́ọ̀sì kelòó nìyẹn?" Mo ní ìkẹrin ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín títí tó fi sọ ìtàn Emlyn fún mi.

Mò ń bínú sí yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, mo sì rò pé ó máa pẹ́ kó tó tán. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń pọn omi yín nígbà tí Màmá ń kọ̀wé sí mi nípa òrùlé. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń rí yín ní gbọ̀ngàn yẹn, tí gbogbo wọn dijú.

Kò sí ohun tí dókítà tún ń ṣe àfi kó dín ìrora kù. Mò ń ka ìwé ìròyìn fún un. Ó ní kí n kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ Ponnammal, ó ń sọ ọ́ bíi pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Lánàá, ó ní kí n mú bírò. Ó ní, "Kọ ọ́ sí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà ló ti ṣe. Ó ti lọ. Kó bọ̀."

Mo ní ṣé kí n fi nǹkan kún un. Ó ní rárá.

Heledd


Kallimalai
Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, ọdún 1980

Gwenllian ọmọ mi, àti Heledd,

Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ àná. Mo ti rí àyè nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbéra ní Madras lọ́túnla. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n ṣáájú ìwé yìí dé. Mò ń kọ ọ́ nítorí pé dókítà ti tẹ́tí sí àyà mi, ó mi orí, ó ní òfuurufú kò bá a mu. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Bí n kò bá dé, kí èyí dé. Kí ẹ mọ̀ pé mo gbéra.

Hofstra bá mi jà. Ó ní, "Ẹ máa ba ohun tí ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ jẹ́." Mo ní, "Hofstra, ìdí tí mo fi kọ́ ọ gan-an nìyẹn, kí n má baà lọ sílé." Ó sunkún. Ìyá rẹ̀ wà ní Utrecht, kò rí i láti ọdún mọ́kànlá. Mo sọ fún un pé kó kọ̀wé sí i. Ó ń wò mí, kò dijú.

Gwenllian, bí mo bá bá ọ, n kò ní sọ̀rọ̀. Màá jókòó ti fèrèsé yẹn, bí o bá gbà. Bí n kò bá bá ọ, Heledd á fi ibi tí wọ́n tẹ́ ọ sí hàn mí, àti ti ìyá rẹ, àti ti Emlyn, ibojì tí n kò rí rí. N kò ní béèrè ìdáríjì lọ́wọ́ òkúta. Màá kàn jẹ́ kí wọ́n rí mi.

Kẹ̀kẹ́ màlúù wà níwájú ilé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ Muthu ló ń dà á. Mo bi í bóyá igi ìdáná ló kó wá. Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí.

Ponnammal jáde wá láti ilé ìdáná, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé n kò ní padà síbí mọ́, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú èdè rẹ̀ tí èèyàn ń sọ fún ẹni tó ń lọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àgbàlagbà, jẹ́jẹ́, ó fi ọ̀wọ̀ sí i: "*Poyittu vaanga*, Ayya." Ẹ lọ, kí ẹ bọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ méjèèjì.

Bàbá yín,
Idwal